Ìlera Ẹbí Tó Ń Kó Lọ sí Ìlú Ọba: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Gbéra àti Nígbà Tí Ẹ Bá Gúnlẹ̀

Bí ìròyìn bá dé pé físà ti jáde, ayọ̀ a gba inú ilé kan. Bàbá a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀, ìyá a máa ṣa aṣọ tí wọn yóò kó lọ, àwọn ọmọ a sì máa dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo ìgbòkègbodò yìí, ọ̀rọ̀ ìlera ló sábà máa ń kẹ́yìn. Ẹlòmíràn kò ní rántí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú yóò gbéra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn àgbà ló sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tí ẹbí tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò kò lè yọrí bí ara kò bá le.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní bàbá ọlọ́mọ méjì gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba láti Ìbàdàn nínú oṣù Kejìlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń gbọ̀n. Gbogbo àwọn tó wà ní àyíká rẹ̀ ní òtútù ìlú náà ni. Dókítà tó bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù náà rò pé ọ̀fìnkìn ìgbà òtútù ni, nítorí pé bàbá yìí kò sọ fún un pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òun kúrò ní Nàìjíríà. Ibà tí ẹ̀fọn ti kó sí i lára nílé ló bá a dé ọ̀hún. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò sọ ni ì bá jẹ́ kí ó rí ìtọ́jú kíákíá.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà ni a ṣe to àwọn ohun tó ṣe pàtàkì nípa ìlera jọ síhìn-ín fún ẹbí tó ń múra àtilọ, láti orí àyẹ̀wò tí wọn yóò ṣe ní Nàìjíríà títí dé orí bí wọn yóò ṣe máa gbé ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Ìlú Ọba ń béèrè ẹ̀rí àyẹ̀wò ikọ́ ife, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí TB, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́hùn-ún. Ilé ìwòsàn tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe àyẹ̀wò yìí. Ìwé ẹ̀rí láti ibòmíràn, bó ti wù kí ilé ìwòsàn náà lókìkí tó, wọn kò ní gbà á.

Ẹ̀rọ X-ray ni wọ́n fi ń ya àwòrán àyà àgbàlagbà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sábà ya àwòrán yìí, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ rí wọn, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ nípa ìlera wọn. Kí aláboyún sọ ipò tí ó wà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, nítorí pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àwòrán náà bá mú ìfura dání, wọn yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ó tó jáde. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ tètè ṣe é jù, tí kò sì yẹ kí ẹ fi di ọjọ́ ìkẹyìn. Bí wọ́n bá rí àrùn náà lára ẹnikẹ́ni, kí ọkàn onítọ̀hún má ṣe bàjẹ́. Ikọ́ ife gbóògùn, ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ibùdó ìtọ́jú tí ìjọba Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá lo oògùn rẹ̀ parí lè tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Káàdì àjẹsára àti àwọn ìwé ìlera

Ẹ má ṣe fi káàdì àjẹsára àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Òfin tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Ìlú Ọba ń tẹ̀ lé ni pé ọmọ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tó dájú, bí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ rí ni wọn yóò kà á sí, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ padà lọ sí ibi tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì kọ òmíràn.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ètò àjẹsára orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ní Nàìjíríà, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni ó ń gba abẹ́rẹ́ èèyí àkọ́kọ́, ó sì tún ń gba òmíràn ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Ìlú Ọba, wọn kì í ka abẹ́rẹ́ èèyí tí ọmọ gbà kí ó tó pé ọdún kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Bákan náà, abẹ́rẹ́ ti wọn ń dènà ṣegede pẹ̀lú, èyí tí kò sí nínú ètò ọ̀fẹ́ ti Nàìjíríà. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ọmọ yín yóò tún gba abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe rò pé ó ń fojú tín-ín-rín yín. Ètò wọn ni.

Káàdì ìyẹ́lò tó jẹ́ ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Ìlú Ọba kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ẹ máa gbà kọjá lè béèrè. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ ni ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti oṣù Keje ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀kan tí ènìyàn bá gbà á ti tó títí ayé. Ẹni tó bá ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí pé ìwé kò lè dènà àrùn.

Yàtọ̀ sí káàdì àjẹsára, ẹ gba àwọn ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ dókítà yín: èsì jẹ́nótáìpù àti irú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù, orúkọ àìsàn tí ẹnikẹ́ni ń tọ́jú bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée, orúkọ oògùn gan-an àti ìwọ̀n tí ó ń lò, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí, àti oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà. Aláboyún ní láti mú káàdì ìgbẹ̀bí rẹ̀ dání. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ sínú àpò tí ẹ óò gbé lọ́wọ́, kì í ṣe sínú ẹrù tó lè sọnù. Bí agbára bá wà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ojú àti eyín kí ẹ tó lọ, nítorí pé kì í rọrùn láti tètè rí dókítà eyín tí yóò gba aláìsàn tuntun lábẹ́ ètò ìjọba lọ́hùn-ún.

Oògùn àti ẹrù

Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ mú èyí tí yóò tó o lò fún oṣù kan sí méjì dání, nínú páálí tí wọ́n tà á, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Oògùn bíi tramadol, kodéìnì àti diazepam wà lábẹ́ òfin tó le lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà dókítà lè bá ara rẹ̀ níwájú àwọn aṣọ́bodè, ẹni tó bá sì fẹ́ mú èyí tó ju ti oṣù mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ẹ má ṣe retí pé ẹ óò rí oògùn apakòkòrò rà lórí àtẹ bí a ti ń rí i rà nílé. Láìsí ìwé dókítà, apòògùn kì í sábà tà á. Ìpara tó ń bó ara, tí hydroquinone tàbí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á lọ́jà níbẹ̀. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí àti wàràkàṣì náà kò gbọ́dọ̀ wọlé láti Nàìjíríà. Ní ti àgbo, ẹni tó bá ń mu ún kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún dókítà, nítorí pé ó lè bá oògùn mìíràn jà nínú ara.

Owó ìlera tí ẹ óò san

Ẹni tó bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní Ìlú Ọba ń san owó ìlera mọ́ owó físà, kí ó lè máa lo ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní NHS. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, àgbàlagbà ń san pọ́n-ùn 1,035 fún ọdún kan. Akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ń san pọ́n-ùn 776. Fún bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tí wọ́n gba físà iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ pọ́n-ùn 10,866, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò sì san lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó gba físà òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú kì í san owó yìí.

Owó yìí kò kárí ohun gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń san owó lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, aláboyún tó ti gba ìwé rẹ̀ àti ẹni ọgọ́ta ọdún sókè kì í san. Ní Skọ́tílándì, Wéésì àti Àríwá Áyálándì, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá àgbà tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ. Físà àlejò ni ìyá yìí yóò gbà, kò sì ní san owó ìlera. Bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọn yóò bù fún un lè tó ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba. Gbèsè bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù ọdún púpọ̀ lọ́rùn ẹbí. Ẹ ra ìbánigbófò ìrìn àjò fún ìyá, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tó ń tọ́jú nígbà tí ẹ bá ń rà á, nítorí pé ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀ láti san owó nítorí ohun tí ẹ bá fi pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹbí

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ àìsàn. Ní kété tí ẹ bá ti ní ibùgbé, ẹ lọ forúkọ gbogbo ẹbí sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹbí tó wà ní àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní GP. Ọ̀fẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò pọn dandan kí ẹ fi ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì hàn kí wọ́n tó gbà yín. Dókítà yìí ni ẹnu ọ̀nà sí gbogbo ìtọ́jú yòókù. Ẹni tó fẹ́ rí onímọ̀ nípa ọkàn tàbí egungun kì í kàn gba ilé ìwòsàn ńlá lọ tààrà bí a ti ń ṣe nílé. GP ni yóò kọ̀wé rán an.

Ìgbà tí ẹ óò lò pẹ̀lú dókítà kì í pọ̀, ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín sílẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tó ṣe pàtàkì jù ṣíwájú. Bí ìyá tàbí bàbá àgbà kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá nígbà tí ẹ bá ń gba àkókò. Ọ̀fẹ́ ni èyí náà. Kò tọ́ kí ọmọdé máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àìsàn òbí rẹ̀.

Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé mọ̀ sórí, títí kan àwọn ọmọ. 999 ni ti pàjáwìrì: àyà dídùn tó le, èémí tí kò já gaara, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ẹni tó dákú, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbé mọ́. 111 ni ti àìsàn tó nílò ìmọ̀ràn kíákíá ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé méjèèjì.

Ibà: ẹ má ṣe gbàgbé ibi tí ẹ ti wá

Ẹ̀fọn kì í kó ibà ran ènìyàn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù bíi ti ilé, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 2023, àwọn elétò ìlera Ìlú Ọba rí ènìyàn 2,004 tí wọ́n kó ibà láti òkè òkun wọ ilẹ̀ wọn, nígbà tí ti ọdún 2022 jẹ́ 1,369. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ kúrò ní Nàìjíríà, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé: “Nàìjíríà ni mo ti dé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà.” Ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Irú ibà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa lè burú láàárín ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lára ọmọdé àti aláboyún.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré a máa ní okun díẹ̀ tó fi ń dojú kọ ibà. Bí ó bá ti pẹ́ ní ilẹ̀ tí kò sí ibà, okun yìí a máa dín kù. Àwọn ọmọ tí ẹ bá bí lọ́hùn-ún kò tilẹ̀ ní in rárá. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì tàbí ìgbéyàwó, ẹ lọ rí dókítà tàbí apòògùn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ gba oògùn tó ń dènà ibà, kí ẹ sì lò ó parí lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, “Ilé mi ni mò ń lọ, kí ni ẹ̀fọn yóò fi mí ṣe?” Ẹ̀fọn kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Òtútù àti àìsí òòrùn

Nínú oṣù Kejìlá, òòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìtànṣán òòrùn lára awọ ni ara fi ń ṣe fítámì D tó ń mú egungun le, àwọ̀ dúdú sì nílò òòrùn púpọ̀ ju àwọ̀ funfun lọ kí ó tó rí i ṣe. Àwọn elétò ìlera ibẹ̀ gba àwọn tó ti Áfíríkà wá nímọ̀ràn láti ronú lórí lílo máíkírógíráàmù 10 fítámì D lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin náà ní láti máa lò ó, bákan náà ni ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Egungun ẹsẹ̀ ọmọ tí kò rí fítámì yìí gbà lè rọ̀, kí ó sì tẹ̀.

Òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wọ aṣọ tó nípọn ní ìpele ìpele, kí ó máa mu omi dáadáa bí òǹgbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, kí ó sì tètè sọ fún GP kí wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn tó mọ̀ nípa àrùn náà. Ara gbígbóná lára ẹni tó ní àrùn yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi di ọ̀la.

Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá láti fi yá iná nítorí òtútù. Èéfín carbon monoxide tó ń pa ènìyàn lójú oorun nídìí jẹnẹrétọ̀ ní Nàìjíríà, òun náà ló ń jáde níbẹ̀. Kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ẹ̀rọ tó ń kéde rẹ̀ wà nínú ilé.

Àwọn ọmọ

Nínú ọkọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó lórí ìjókòó ọmọdé títí tí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ní ti ìbáwí, Skọ́tílándì fi òfin de fífi ìyà jẹ ọmọ lára ní ọdún 2020, Wéésì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ẹgba tó bá fi àpá sára ọmọ lè gbé òbí dé ilé ẹjọ́. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá ọ̀nà ìtọ́sọ́nà mìíràn kí ẹ tó gbéra.

Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní health visitor lè wá sí ilé yín. Ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ìdàgbàsókè ọmọ ni ó wá wò, ẹ sì lè bi í ní ìbéèrè nípa oúnjẹ, oorun àti àjẹsára.

Ọkàn náà nílò ìtọ́jú

Àárò ilé kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ nílé lè bá ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ òru, kí tọkọtaya má sì fojú kan ara wọn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò sí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí yóò bá a gbé ọmọ, lè máa sunkún ní ìkọ̀kọ̀. Bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí àìlè jẹun bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ sọ fún GP tàbí agbẹ̀bí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ nípa gbígba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe 111, kí ẹ sì tẹ 2. Bí ewu náà bá ti dé tán, 999 ni kí ẹ pè.

Àdúrà dára, ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà nítòsí náà dára, nítorí pé ènìyàn laṣọ mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rọ́pò dókítà.

Ní àkótán, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹbí bá ti ṣe àyẹ̀wò lásìkò, tí wọ́n kó ìwé àjẹsára àti oògùn wọn dání, tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọn kò sì tijú láti sọ ibi tí wọ́n ti wá nígbà tí ara bá gbóná, wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀dá. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.